Mo kàwé lókè òkun, mo ti padà dé, wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo kọ́: ṣé kí n purọ́ ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ tí ẹ sì ti bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì kan ní Jámánì, lábẹ́ ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó sanwó fún mi ní kí n kọ ìròyìn ojú ewé méjì lórí ohun tí mo kọ́ àti bí ìrìn àjò náà ṣe yí mi padà. Kí n sòótọ́, mi ò rí ohun kan tó yí padà lára mi. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, inú yàrá ni mo máa ń wà. Mo fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì kan. Èdè Jámánì mi ò jinlẹ̀. Àwọn tí mo bá rìn jù, ọmọ ilẹ̀ wa náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ìròyìn àwọn tó ṣáájú mi tí mo kà, ńṣe ni wọ́n ń sọ pé ayé àwọn yí padà pátápátá. Ṣé kí n kọ irú tiwọn ni, àbí kí n sọ bó ṣe rí, kí wọ́n wá ní mo fowó wọn ṣòfò? Ṣé mo tiẹ̀ fi ọdún náà ṣòfò lóòótọ́?

* * *

Àbúrò, má purọ́. Yàtọ̀ sí pé irọ́ ò dáa, irọ́ yẹn gan-an ò tà. Mo ti wà lára àwọn tó ń ka irú ìròyìn yìí fún ìgbìmọ̀ tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó, gbólóhùn tí ojú wa sì máa ń fò kọjá jù lọ ni “ìgbésí ayé mi ti yí padà.” Ẹni tó bá ti ka ogún irú ẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò lè mọ ti Lámọrín yàtọ̀ sí ti Tàmẹ̀dù mọ́.

Ohun tó máa ń mú ká dúró ká tún un kà ni ìgbà tí ẹnì kan bá sọ ohun tó ṣe. Wo Jámánì tó o ti ń bọ̀ yìí. Ẹni tó bá kó wọ ilé níbẹ̀ ní láti lọ forúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, onílé á sì fọwọ́ sí ìwé fún un pé lóòótọ́ ló kó wọlé. Tí kò bá sí ẹ̀rí adójútòfò ìlera, yunifásítì ò ní forúkọ ẹ sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀, kéèyàn forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì ò ní kó ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò rẹ̀. Ti ìdánwò ní ọjọ́ tirẹ̀, tí ọjọ́ yẹn bá sì ti kọjá, o lè mọ ìwé ọ̀hún dé orí, wọn ò ní jẹ́ kó o jókòó ṣe é. Ta ló bá ọ ṣe gbogbo ìyẹn? Tó bá jẹ́ pé ìwọ fúnra ẹ lo ṣe é, ní èdè tó ò tíì gbọ́ délẹ̀, ojú ewé àkọ́kọ́ ti ń kún nìyẹn.

Lójú tèmi, ìbéèrè wọn ló wọ́. Kò sẹ́ni tó lè fi oṣù tó dé sílé mọ bí ìrìn àjò ṣe yí òun padà. Fi èyí rọ́pò rẹ̀: kí ni mo lè dá ṣe báyìí tí n ò lè dá ṣe kí n tó lọ? Ìyẹn lo máa dáhùn, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè tiwọn ló wà lókè ìwé.

* * *

Ọ̀pọ̀ àwọn tó dáhùn lẹ́yìn mi ló rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ inú yàrá. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni ọ́. Àwọn kan sì rò pé àwọn ń tù ọ́ nínú, wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ìdùnnú á kọ́kọ́ dé, ìrònú á tẹ̀ lé e, ara á wá mọlé nígbẹ̀yìn. Ẹnì kan tiẹ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀ bíi lẹ́tà U, òkè, ìsàlẹ̀, òkè.

N ò bá èyíkéyìí nínú wọn lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí lẹ́tà U yẹn ti wá. Ní 1955, onímọ̀ nípa àwùjọ kan tó jẹ́ ọmọ Nọ́wè, Sverre Lysgaard, gbé ìwádìí jáde lórí 200 ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ tí ètò Fulbright, ètò owó ẹ̀kọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, gbé lọ sí Amẹ́ríkà. Ó rí i pé ara àwọn tó lo oṣù 6 sí 18 níbẹ̀ ò mọlé tó ti àwọn tí kò lò tó oṣù 6 àti ti àwọn tó lò ju oṣù 18 lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó ń tẹ̀ lé ẹnì kan náà láti ìgbà tó dé títí tó fi padà. Àwọn tó lo oṣù díẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, àwọn tó pẹ́ níbẹ̀ dá wà lọ́tọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe ìtàn ọkàn ẹnì kan ṣoṣo ti sọ ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Nígbà tí Colleen Ward, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Jàpáánì kan náà ní New Zealand láti ìgbà tí wọ́n gúnlẹ̀, nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1998, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ gan-an ni ìnira wọn pọ̀ jù. Kò sí ìdùnnú kan tó ṣáájú.

Nítorí náà, tí ìbẹ̀rẹ̀ bá le fún ọ, kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀, kò sì dìgbà tó o bá kọ́kọ́ yọ̀ kó o tó bá àwọn èèyàn mu. Fi ti ojú ọjọ́ kún un. Sẹ̀mẹ́sítà ìgbà òtútù ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Ọkitóbà ní Jámánì. Tó bá fi máa di Dìsẹ́ḿbà, oòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọmọ onílẹ̀ gan-an ń wọlé.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ wúlò fún ọ jù ni Kalervo Oberg, onímọ̀ ẹ̀dá tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1960 sọ ọ̀rọ̀ ìpayà ilẹ̀ àjèjì (culture shock) di ohun tí gbogbo ayé ń sọ. Ó to àwọn àmì rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọwọ́ fífọ̀ láfọ̀jù, ìbẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ rẹ́ni jẹ, kéèyàn máa wojú afẹ́fẹ́ lásán, kéèyàn máa fi ẹ̀kọ́ èdè ibẹ̀ falẹ̀ tàbí kó tiẹ̀ kọ̀ ọ́, kó máa wá ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ kiri. Ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó o kó jọ pé ó jẹ́ ẹ̀bi rẹ, méjì nínú ẹ̀ wà nínú ohun tí ọkùnrin náà ń kà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò sẹ́ni tó tíì bi ọ́ níbí. Kí lò ń ṣe nínú yàrá ọ̀hún?

* * *

Ó ti dáhùn. Mo tún un kọ síbí fún àwọn tí kò ní lọ ka ìsàlẹ̀: kọ́ọ̀sì mẹ́rin ló mú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, ó wá mọ̀ọ́mọ̀ mú ẹyọ kan ní èdè Jámánì. Kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ, nítorí náà, tó bá ti kíláàsì dé, á tilẹ̀kùn, á gbé ìwé atúmọ̀ èdè, á máa ka ohun tí wọ́n kọ́ wọn lójúmọ́ ọjọ́ náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ̀sì yẹn náà ló fìdí rẹmi nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ pè é ní ọ̀lẹ, ẹ kú iṣẹ́ o.

* * *

Ọ̀rọ̀ máàkì wá kàn wá. Ó ní 2.7 ni ìpíndọ́gba máàkì òun, ẹnì kan sì yára dá a lóhùn pé “2.7 nínú 5.0, ìyẹn 54 nínú 100, ó kéré.” Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ní Jámánì, 1.0 ni òkè, 4.0 ni ààlà ìyege, 5.0 ni ìfìdírẹmi. Bó ṣe ń lọ sókè ló ń burú. Kò sí ohun tó ń jẹ́ 2.7 nínú 5.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ máàkì ilẹ̀ mìíràn di ti Jámánì nìyí, ìlànà Bavaria ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú máàkì tó ga jù nílé, ẹ yọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kúrò. Ẹ pín ohun tó kù sí àlàfo tó wà láàárín máàkì tó ga jù àti máàkì ìyege. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ fi 1 kún un. Tí ẹ bá gbé e yí padà, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí 40 ti jẹ́ ìyege nínú 100, 2.7 yẹn jẹ́ 66. Tó bá jẹ́ 50 ni ìyege, ó súnmọ́ 72. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà, ìwé kan náà. Nítorí ìdí yìí ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n kọ máàkì bí wọ́n ṣe fún wọn gan-an, kí wọ́n wá fi ìlà kan ṣàlàyé òṣùwọ̀n sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dá a ṣírò fúnra rẹ̀ tó sì kọ 54 ti ba ara rẹ̀ lórúkọ jẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Faransé ni èmi ti kàwé, 20 ni òkè níbẹ̀, 10 ni ìyege. Mo gba 14, inú olùkọ́ dùn, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Nílé, wọ́n ní ṣé 70 péré ni. Ní Bìrìtìkó, 70 kan náà lè jẹ́ ipò àkọ́kọ́. Ní Nẹ́dálándì, níbi tí wọ́n ti ń fi 10 ṣe òkè, ẹ wá ẹni tó gba 10 fún mi, ẹ máa wá a títí.

Ti kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ńkọ́? Nínú ètò kírẹ́dìtì tí Yúróòpù ń lò, ọdún ẹ̀kọ́ kan jẹ́ kírẹ́dìtì 60, kírẹ́dìtì kọ̀ọ̀kan sì dúró fún iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30. Kọ́ọ̀sì oníkírẹ́dìtì 6 jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 150 sí 180, wákàtí tẹ́ ẹ fi jókòó nínú kíláàsì ò sì tó ìdajì ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tó bá wo àtẹ ìgbà-ẹ̀kọ́, tí wọ́n rí i pé kíláàsì ò pọ̀, tí wọ́n wá ń wọkọ̀ ojú irin kiri, àwọn ni ìdánwò máa ń bá lójijì. Ọmọ yìí ò sí lára wọn. Ohun tó pàdánù ni 6, ó ku 54. Kírẹ́dìtì mẹ́fà tó bá bọ́ ò ní fa ìyókù tẹ̀ lé ara rẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan tó ní Kánádà lòun ti kàwé sọ pé ẹni tó bá lọ sókè òkun tó wá ń bá ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ nìkan rìn, owó ọkọ̀ òfuurufú ló fi ṣòfò. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń gba àtẹ́wọ́ gan-an, ó sì gba àtẹ́wọ́ níbí náà. N ò ní bá wọn pàtẹ́wọ́.

Ta ló sọ fún ọ ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí kì í fi èsì falẹ̀? Ta ló júwe ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ìgbélùú, tó ní kó o ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa? Ọmọ ilẹ̀ rẹ tó ti ṣáájú rẹ débẹ̀ ni. Ọmọ onílẹ̀ ò mọ̀ ọ́n, torí kò ṣe é rí. Kí la fẹ́ kí àjèjì ṣe, kó lọ ṣubú kó tó mọ̀nà?

Ìhà kejì wà níbẹ̀ tí wọn kì í sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti ní ọ̀rẹ́ tirẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́, àwọn mìíràn láti ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Ó mọ̀ pé oṣù díẹ̀ lo máa lò tí wàá fi lọ. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ; kò sáyè ni. Àwọn tó sáyè fún ni àwọn àjèjì mìíràn, nítorí náà ẹni tó lọ sí Jámánì á padà dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ọmọ Sípéènì, ọmọ Tọ́kì àti ọmọ Kòríà, láìní ọmọ Jámánì kan. Ó wọ́pọ̀ débi pé mo máa ń fura sí ìròyìn tó bá sọ yàtọ̀ sí i.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n yìí rèé: kò yẹ kéèyàn fi í sílẹ̀ fún oríire. Ibi tí iṣẹ́ bá ti da ènìyàn pọ̀ ni ọ̀rẹ́ ti ń wá, kì í ṣe ibi àríyá ìkíni káàbọ̀. Iṣẹ́ kíláàsì tí ẹ jọ fẹ́ gbé kalẹ̀. Ẹ̀ka eré ìdárayá yunifásítì, tí kì í wọ́n ní Jámánì. Ẹni tó fẹ́ kọ́ èdè rẹ, tó máa kọ́ ọ ní tirẹ̀. Tó o bá ṣe ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, kódà kó má yọrí sí ọ̀rẹ́, kọ ọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà sórí iye iṣẹ́ owó tí òfin gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ṣe. Mo ti mọ̀ pé a máa débẹ̀.

Ẹ wò ó, ńṣe lẹ̀ ń bá ara yín jiyàn lórí ohun tí kò ní ìjà nínú. Ẹnì kan ní wákàtí 20 lọ́sẹ̀, ẹnì kejì ní irọ́ ni, 24 ni, ẹnì kẹta ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ni wọ́n ń kà. Òótọ́ ni gbogbo yín ń sọ, orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ wà. Ní Bìrìtìkó, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oyè lè ṣe wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. Amẹ́ríkà náà ní 20, àmọ́ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹni tó ní físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, ti ń ṣe é. Kánádà sọ iṣẹ́ ìta ọgbà di 24 ní Nòfẹ́ḿbà 2024. Ọsirélíà ń ka wákàtí 48 fún ọ̀sẹ̀ méjì láti Júláì 2023. Jámánì ló ń ka ọjọ́: fún ẹni tí kò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù wá, 140 ọjọ́ gbáko lọ́dún tàbí 280 ààbọ̀ ọjọ́, láti Máàṣì 2024, 120 àti 240 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Faransé ní tiẹ̀, wákàtí 964 lọ́dún. Ẹ tún lọ wò ó kẹ́ ẹ tó wọṣẹ́, torí òfin wọ̀nyí kì í pẹ́ yí.

Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ máa ń pín sí méjì lórí èyí. Àwọn kan kì í fẹ́ rí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nínú ìròyìn rárá, wọ́n ní ẹ̀kọ́ la rán ọ lọ kọ́. Èmi ò sí lára wọn. Ilé ìdáná ilé-oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti gbọ́ Faransé, níbi tí mo ti ń fọ àwo. Olùkọ́ ní kíláàsì á tún ọ̀rọ̀ sọ fún ọ, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gá ìdáná ò ní tún un sọ. O gbọ́ tàbí o ò gbọ́, àwo ń bọ̀.

* * *

Èyí gbé mi dé orí èdè. “Èdè Jámánì mi ò jinlẹ̀” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á. Báwo ni kò ṣe jinlẹ̀? Láti 2001 ni Ìgbìmọ̀ Yúróòpù ti gbé òṣùwọ̀n èdè rẹ̀ jáde, A1 dé C2, ìpele mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìdánwò rẹ̀ á rántí pé ohun tó ń béèrè ni ohun tí o lè ṣe: ṣé o lè sọ ẹni tí o jẹ́, ṣé o lè yanjú wàhálà tó bá dé ojú ọ̀nà ìrìn àjò, ṣé o lè gbèjà èrò rẹ níwájú àwọn tó ń jiyàn. Máa ka èdè rẹ lọ́nà yẹn. Ṣé o pe onílé lórí fóònù pé omi gbígbóná ò wá? Ṣé o dá lọ sọ́dọ̀ dókítà? Ṣé o ka ìwé tí ọ́fíìsì ìjọba fi ránṣẹ́, tó o sì mọ ọjọ́ tó o gbọ́dọ̀ fi fèsì? Ẹni tó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní láti tọrọ àforíjì.

Ẹni tó ní “ọdún kan tó kéèyàn fi gbọ́ èdè bí ọmọ onílẹ̀” ò mọ bí kíláàsì ọ̀pọ̀ yunifásítì ṣe rí báyìí. Nígbà tí kọ́ọ̀sì mẹ́rin nínú márùn-ún bá jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ará yàrá kejì sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá ọ lóhùn kó o tó parí gbólóhùn, ibo ni èdè ti fẹ́ wọlé? Ẹni tó fẹ́ ẹ ní láti jà fún un. Ọmọ yìí jà, ìwé kan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìjà náà.

* * *

Ó tún padà wá béèrè lóru àná, n ò sì fẹ́ kí ó sọnù sábẹ́ àríyànjiyàn wákàtí iṣẹ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́. Wọ́n á ní “báwo ni ibẹ̀?”, tó bá ti sọ gbólóhùn kejì, ojú wọn á ti kúrò lára rẹ̀. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé òun ti di àlejò nílé ara òun.

Mo mọ̀ ọ́n. Ní 1963, tọkọtaya onímọ̀ kan, John àti Jeanne Gullahorn, kọ̀wé pé ìpadàbọ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Wọ́n fi ìsàlẹ̀ kejì kún lẹ́tà U, ó di W. N ò gba àwòrán W yẹn gbọ́ ju U lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́. Nígbà tó ò sí ńlé, ilé ò dúró dè ọ́. Àwọn èèyàn rẹ náà lo ọdún kan, nǹkan ṣẹlẹ̀ sí wọn, ìwọ náà ò béèrè.

Ìmọ̀ràn tí mo ní ò pọ̀. Má sọ ìtàn “ibẹ̀.” Sọ ti ọjọ́ kan, ti ẹnì kan. Bí onílé ṣe kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé, bó o ṣe padà lọ bá a. Àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ nípa Jámánì á gbọ́ nípa onílé aláìgbọràn, torí àwọn náà ní onílé. Wá ẹnì kan tó ti lọ rí, ibi yòówù kó lọ, kẹ́ ẹ máa sọ ìyókù fún ara yín. Kí ìwọ náà sì béèrè tiwọn.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé pé “ìwé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ló kan ìrìn àjò” ń dáhùn ìbéèrè mìíràn. Kì í ṣe ìwé nìkan ni àwọn tó dá ètò wọ̀nyí sílẹ̀ ń wá. Ọdún 1946, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ni òfin Fulbright jáde ní Amẹ́ríkà. Owó ohun èlò ogun tó ṣẹ́ kù lókè òkun tí wọ́n tà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ J. William Fulbright tó gbé e kalẹ̀ ti fi owó ẹ̀kọ́ Rhodes lọ kàwé ní Oxford fúnra rẹ̀. Kí àwọn orílẹ̀-èdè lè gbọ́ ara wọn yé ni wọ́n ṣe ń náwó. Erasmus, ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti Yúróòpù, náà bẹ̀rẹ̀ ní 1987 pẹ̀lú orílẹ̀-èdè 11 àti akẹ́kọ̀ọ́ 3,244, Yúróòpù sì ń wá ìran kan tó máa ka ara rẹ̀ sí ará Yúróòpù.

Ẹ rí i báyìí ìdí tí wọ́n fi ń béèrè “báwo ló ṣe yí ọ padà.” Ìbéèrè olówó ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó náwó lé ṣẹlẹ̀. Kò burú kó béèrè, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ò jẹ ẹ́ ní gbèsè ọkàn tuntun. Ohun tó jẹ ẹ́ ni àkọsílẹ̀ tó ṣe é gbà gbọ́.

* * *

O fi abala àkọ́kọ́ ránṣẹ́, mo ti kà á. Báyìí lo ṣe bẹ̀rẹ̀: “Mo dúpẹ́ gidigidi fún àǹfààní ńlá yìí, mo sì tọrọ àforíjì pé n kò ṣe dáadáa tó bí mo ṣe lérò. Ìrìn àjò yìí ṣí mi lójú. Ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ mo mú kọ́ọ̀sì mẹ́rin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀kan ní èdè Jámánì.”

Ìdúpẹ́ dáa, jẹ́ kó wà. Yọ àforíjì kúrò, àti ojú tó ṣí. Bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́ọ̀sì márùn-ún náà, kó o sì sọ ìdí tó o fi mú ti èdè Jámánì nígbà tí kò pọn dandan. Ìdí yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀, kò sì sí nínú ohun tó o kọ. Sọ bó o ṣe ń kà á. Sọ pé o fìdí rẹmi, ní gbólóhùn kan, láìsí “ó ṣeni láàánú.” Lẹ́yìn náà, sọ ohun tó o lè kà báyìí ní èdè yẹn tó ò lè kà ní Ọkitóbà. Tó ò bá mọ̀ ọ́n, gbé ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn jáde lálẹ́ yìí, kà á láìlo ìwé atúmọ̀ èdè, wàá mọ̀. Ti àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ, kọ ohun tí wọ́n fi hàn ọ́ àti ohun tí ìwọ náà wá fi han ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ, tó bá wà. Ojú ewé kejì lè jẹ́ ti onílé.

Má jẹ́ kí ìwé èsì ìdánwò ṣáájú ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí kírẹ́dìtì 54 níbi tó ti ń retí 60 á ti ní èrò kan lọ́kàn kó tó ka ọ̀rọ̀ rẹ. Jẹ́ kí méjèèjì wọlé pọ̀. Tó bá jẹ́ Erasmus lo bá lọ, ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí èsì bá jáde ni ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà ọ́ lálejò gbọ́dọ̀ fi ìwé èsì ránṣẹ́, ọ̀sẹ̀ márùn-ún mìíràn sì ni tilé ní láti fi ka kírẹ́dìtì náà fún ọ. Tí ọjọ́ bá ti kọjá, kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè níbẹ̀ lónìí, fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ sórí rẹ̀. Ní èdè Jámánì kó o kọ ọ́.